Akàn Àkọ́kọ́ Tí Mo Mú

Òórùn ẹrọ̀fọ̀ odò Thames ló gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi. Mummy mú mi kúrò ní Thamesmead tí à ń gbé nílẹ̀ Òyìnbó lọ sí abúlé kan níbi tí odò ti ń wọ òkun. Omi ti fà, akàn sì kún ilẹ̀! Mummy bọ́ bàtà, ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè.

“Ó yá, mú tìrẹ.”

“Mummy, ó máa gé mi jẹ!”

“Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń mú akàn, kì í ṣe iwájú.”

Mo na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kan, mo gbá a mú.

“Mo ti mú un!”

“Ọmọ-ọmọ ìyá mi nìyẹn!” Mummy ń fò sókè.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé ọ̀sán yẹn ni wọ́n ń sin ìyá Mummy ní Ẹ̀pẹ́, àti pé Mummy kò ní ìwé ìgbélùú tó lè fi lọ kó sì padà wọlé.