Ìpín Ẹran Iléyá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rẹ́ mi kò lè kọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kó má fi yẹ̀yẹ́ sí i. Àwa méjèèjì la jọ kọ ètò tí ilé ìwé kan nílùú Ẹdẹ fi ń ṣírò máàkì. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, gbogbo àṣẹ tá a bá pa fún ẹ̀rọ ló ní orúkọ, orúkọ tó bá sì wù wá la lè fún un. Àwọn tó ń lò ó kì í rí i. Àwa tá a kọ ọ́ nìkan la mọ̀ ọ́n.

Àṣẹ tó ń pín iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà mẹ́ta tá a ní, "Pín-ẹran-Iléyá" ló pè é: ìpín onílé, ìpín ẹbí, ìpín tálákà. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tó ń kùn bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata ni tálákà. Àṣẹ tó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá ilé ìwé má bàa rí i, "Má-jẹ̀ẹ́-kí-àfáà-gbọ́" ni. A máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Àfi bí ọ̀kadà ṣe gbé e ṣubú lọ́nà ìlú Awo, tó forí gbálẹ̀. Ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan ìyá tó bí i. Dókítà ní ká máa gbé ohun tó fẹ́ràn wá síwájú rẹ̀, ni màmá rẹ̀ bá ránṣẹ́ pè mí.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ yín yẹn ló fẹ́ràn jù," wọ́n ní. "Bó bá rí i, bóyá á rántí wa."

Lójú màmá, mo gbé kọ̀ǹpútà lé e nítan, mo ṣí ibi ìpín ẹran. Ó kà á, ó tún un kà. Ló bá nawọ́ síbì kan: "Bí ẹ̀rọ kan bá kú níbí, iṣẹ́ tiẹ̀ á sọnù." Ó sì tún un ṣe lójú mi. Òótọ́ ló sọ. Inú bí mi gidigidi. Irú orí wo ló ń ju ìyá ẹni nù, tó wá ń fi iṣẹ́ pamọ́? Síbẹ̀, mò ń retí ẹ̀rín.

Ó fajú ro. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kọ eléyìí? Kí ló kan ẹran Iléyá nínú iṣẹ́? Ẹni yẹn ò mọ nǹkan tó ń ṣe."

Mo rọra pa kọ̀ǹpútà dé. Ṣùgbọ́n màmá ti dìde, gèlè ti bọ́ lórí wọn.

"Ó dárúkọ Iléyá! Ó ti ń rántí!" Wọ́n sáré jáde lọ pe àwọn ará agboolé.