Orin Tí Wọ́n Ń Fi Ọ̀bẹ Ṣọ́

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Gunnulv. Gòjé ló ń ta níbi ìgbéyàwó ní àfonífojì wọn ní Telemark ní ilẹ̀ Norway, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe.

Orin kan wà lọ́wọ́ ìdílé wọn tí wọn kì í ta láìsí ẹni tó di ọ̀bẹ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ atagòjé. Bí orin náà bá gbé e, kò ní lè dúró mọ́, àfi kí wọ́n gé okùn gòjé. Bàbá Gunnulv ta á lọ́jọ́ kan, ọlọ́bẹ ti mutí sùn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ọ̀hún kò ti dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Nígbà ìkórè koríko ni Ọ̀gbẹ́ni Ravn dé láti Kristiania, olú-ìlú wọn. Fáyólìn ló ń ta fún àwọn ọlọ́lá. Orin àwọn ará oko ló ń wá tí yóò fi kọ tirẹ̀. Gunnulv ta orin ijó fún un, ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó ní kò tíì tó. Wọ́n ti sọ fún un ní ilé ọtí pé ọ̀kan ṣẹ́kù.

Targjerd, ìyàwó Gunnulv, kọ̀.

Ravn rẹ́rìn-ín. "Ìyá, orin ni o, kì í ṣe ìkookò."

"Ìkookò a máa yó," ni Targjerd wí.

Ọkọ rẹ̀ ní kó fara balẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Bí òun bá kú, orin náà kú nìyẹn. Kí àlejò kọ ọ́.

Targjerd mú ọ̀bẹ, ó jókòó tì í. Gunnulv dẹ okùn gòjé kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ajá dìde nídìí iná, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, ojú Gunnulv yí sókè. Targjerd dìde. Ravn di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Mi ò tíì kọ òpin rẹ̀."

"Kò lópin, ọmọ yìí. Ìdí tí a fi ń mú ọ̀bẹ dání nìyẹn. Fi mí sílẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Ìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló gé okùn. Ọwọ́ Gunnulv ṣì ń fa ọrun gòjé lórí igi rẹ̀ lásán.

Ravn ká ìwé rẹ̀. Ó dúpẹ́, kò wojú ẹnikẹ́ni, ó lọ.

Gunnulv wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó bi í pé ọmọ ta ni. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kò yéé jó lórí tábìlì, kò lè di ṣíbí mú. Targjerd ló fi oúnjẹ sí i lẹ́nu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: ẹ̀kọ ọkà báálì àti wàrà kíkan.