Ògúntóyìn àti Rọ́bà Inú Táǹkì

Kò sí ohun tí Ògúntóyìn ará Ifisin kì í fi epo pupa tọ́jú. Ilẹ̀kùn tó ń ké, epo ni. Àdá tó fẹ́ dípẹtà, epo ni. Ikọ́ ọmọdé, epo náà ni. Ẹ má bá a wí jàre, ogójì ọdún ló ti ń ṣe epo, ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù.

Nítorí náà, nígbà tí táǹkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2003, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣe. Rọ́bà pelebe tó dí ihò ìsàlẹ̀ táǹkì náà ti gan, gbogbo omi sì ń ṣàn lọ sínú àwo. Ògúntóyìn ra tuntun, ó fi epo pa á kó lè rọ̀, ó dè é síbẹ̀, ó sì ń súfèé lọ sóko. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, jíjò náà tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré rárá. Dúródọlá ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú lọ́dún tó ṣáájú, ìbàdí rẹ̀ kò sì gbà á láyè kó rìn dé ṣaláńgá ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ìdùnnú ọmọ wọn ló bá wọn ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì sínú ilé. Bí táǹkì kò ṣe gbomi dúró mọ́, tí Dúródọlá kò sì lè gbé garawa, ọkọ rẹ̀ ló ń bá a da omi sí i. Ògúntóyìn kò kà á sí nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ni ojú ń tì.

"Òkèlè méjì péré lo jẹ nínú uyán yìí," ni Ògúntóyìn wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ó ti tó mi."

"Kí ló dé gan-an?"

Dúródọlá wolẹ̀. "Bàbá Ìdùnnú, bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ẹ̀yin náà lẹ máa dami sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa rí ìgbẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ògúntóyìn wọnú egungun. Ó jáde lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Sìlípáàsì rọ́bà tó máa ń wọ̀ síbi epo wà níwájú rẹ̀, ó ti wú, ó ti tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọdọọdún ló ń ra òmíràn, ọdọọdún ni epo ń bà á jẹ́. Ó wò ó títí.

"Háà! Èmi gan-an ni mo ba uṣẹ́ ara mi jẹ́!"

Ó tú táǹkì. Rọ́bà ọ̀hún ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ó lọ ra òmíràn ní Ìdó, ó fi ọṣẹ àti eérú fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kàn án, ó sì dè é pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dúródọlá wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ògúntóyìn dúró síta pẹ̀lú garawa rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ó gbọ́ tí omi ya wàà, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dúródọlá di ara ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ gbé garawa yẹn kúrò níbẹ̀, Bàbá Ìdùnnú. Ebi ń pa mí."

Oòrùn kò tíì yọ dáadáa tí odó iyán ti ń dún nílé Ògúntóyìn.