Sàlmà Di Ọ̀gá Ilé Ìwé

Kò sí báálì aṣọ tí Sàlmà kò lè gbé lọ́jà Arzèkè. Láti kékeré ni ó ti ń ru ẹrù fún àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, aláṣọ tí ó ń pè ní Tàǹtí, títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì rí gbé kúrò nílẹ̀: ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Bí ó bá ti dá a sílẹ̀, Tàǹtí a ní, "Kò sí àga tó gba ìdí rẹ mọ́ níbẹ̀. Ẹrù lo mọ̀, ẹrù ni kí o máa rù."

Nírọ̀lẹ́, Ọláìtán, aránṣọ ará Ṣábẹ̀ tó ń gbé àdúgbò Banikanni, a máa kó àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ lójú títì jọ, a máa kọ́ wọn ní ewì àti eré. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣeré ọmọ tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, Sàlmà ni Ọláìtán ní kó ṣe ọ̀gá ilé ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mò ń wá ọ̀nà àtiwọlé, èmi náà ni n ó máa lé ènìyàn?"

"Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń lé ènìyàn tó ọ?"

Lọ́jọ́ eré, ọjà kún. Tàǹtí jókòó níwájú, ó ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn ọ̀dọ́ ké ewì wọn:

"Òòrùn kì í bèèrè ọjọ́ orí kó tó ràn sí wa,
Òjò kì í wo aṣọ ọrùn ẹni kó tó rọ̀;
Ìwé tàwa náà ni, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Sàlmà jáde nínú agbádá ńlá, ó wọ awò ojú tí kò ní dígí. Ó wo Sàlmànù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, tó ń ṣe ọmọ tí wọ́n lé, láti òkè délẹ̀. "Kò sí àga tó gba ìdí rẹ mọ́ níbí. Ẹrù lo mọ̀, ẹrù ni kí o máa rù!"

Ọjà hó yèè. Tàǹtí ti dìde, ó ti gbàgbé pé eré ni. "Ọ̀gá burúkú! Ta ló bí irú rẹ? Bí àga kò bá gbà á, kó jókòó sórí ẹní! Jẹ́ kó wọlé!"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló bí i!" ọlọ́ṣẹ kan ké láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rín pa gbogbo ọjà. Sàlmà yọ awò ojú, ó kúnlẹ̀. "Tàǹtí, ọjọ́ wo ni kí n wọlé?"

Tàǹtí wò yíká. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ti gbọ́ ohun tó sọ. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. "Ọjọ́ Ajé," ó ní. "Ṣùgbọ́n Ọláìtán, ìwọ tó kọ́ ọ, ta ni yóò ru ẹrù mi?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bí Sàlmà ṣe ń lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ tó ti dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé, Ọláìtán ń bọ̀ láàárín ọjà pẹ̀lú báálì aṣọ lórí, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Rọra o, eléré," Tàǹtí ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹrù kì í ṣe ewì!"