Bálùwẹ̀ Tí Màmá Ṣọ́ọ̀kì Wọ̀ Wò

Ìyá tó bí bàbá mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ṣọ́ọ̀kì, torí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lẹ́yìn etí wọn. Télọ̀ ni wọ́n. Wọn kì í fi máṣíìnì kan aṣọ ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi fi òwú so ó pọ̀ fẹ́rẹ́, tí wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín gbé e wọ̀, kó jókòó, kó na ọwọ́ sókè bíi ẹni tó ń sá aṣọ sórí okùn, kó bẹ̀rẹ̀ bíi ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí oníbàárà bá ń kánjú, tó ní, "Màmá, ẹ sáà máa rán an lọ, ó máa bá mi mu," Màmá á fa awò ojú wọn wá sórí imú, wọ́n á ní, "Wọ̀ ọ́ wò ná." Mo ti fi ohùn yẹn lé oníbàárà padà sídìí dígí rí, kó tó mọ̀ pé èmi ni.

Ẹni tó mọ ohun gbogbo wọ̀ wò yìí, bálùwẹ̀ ló fẹ́ lé wọn kúrò nílé.

Bálùwẹ̀ wa àtijọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀. Omi ò mọ ibi tí ihò wà, á kàn lọ dúró sí igun kan bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Ilẹ̀ ibẹ̀ á wá máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ Màmá yọ̀, wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn kán. Inú ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni Màmá sì ṣubú sí. Bàbá mi rò pé ilẹ̀kùn làwọn ń tì, ìyá wọn ni wọ́n ń tì.

"Má tì mí mọ́," ni Màmá ń wí látinú. "Ṣé èmi ni mo ní o ò gbọdọ̀ wọlé ni?"

Ìgbà tí wọ́n tú irin ilẹ̀kùn ni wọ́n tó rí wọn gbé jáde.

Ọsibítù ṣe iṣẹ́ wọn. Màmá padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń bú mi bó ṣe yẹ. Wíwẹ̀ ló kù. Mọ́mì mi ló ń wẹ̀ fún wọn, jẹ́jẹ́ náà ni wọ́n sì ń ṣe é. Àmọ́ tí ìwẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, Màmá tí ẹnu wọn kì í sinmi á dákẹ́ pátápátá. Wọ́n á kàn máa wo ògiri bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ni Dádì Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bá pè lórí fóònù. Ohùn Dádì Àgbà máa ń ti inú ikùn jáde, bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. "Màmá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti rí obìnrin kan tí á máa wẹ̀ fún yín."

"Máṣíìnì mi ńkọ́?"

"Màmá, àjà kẹta ni mo wà. Ta ló fẹ́ gbé máṣíìnì gun àtẹ̀gùn? Ẹ ti ránṣọ tó."

Màmá gbé ọwọ́ lé máṣíìnì wọn. "Tí mo bá lè dá wẹ̀ ńkọ́? Kí n wọlé, kí n tilẹ̀kùn, kí n jáde, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí?"

"Tí ẹ bá lè ṣe ìyẹn lójú mi nígbà tí mo bá dé lópin oṣù, ẹ dúró sílé yín. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, a jọ ń lọ ni."

"Kì í ṣe lójú ẹ. Létí ẹ ni. Mo ní màá tilẹ̀kùn."

Báyìí ni iṣẹ́ bálùwẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi lọ pe onítáìlì kan tí wọ́n ń pè ní Ojú-Lòṣùwọ̀n, torí kì í gbé ohun ìwọ̀n kankan dání. Á di ojú kan, á na àtàǹpàkò síwájú, á ní, "Ó ti gún." Ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ara ẹ̀ yá, àfi pé kíákíá ni tiẹ̀. Púlọ́ńbà tó bá a wá kì í sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, àfi tí èèyàn bá bi í.

Dádì Àgbà náà ò káwọ́ gbera. Wọ́n fi páálí táìlì ránṣẹ́. Bàbá mi tú àkọ́kọ́, wọ́n rí ojú ara wọn nínú ẹ̀, wọ́n fọwọ́ tún irùngbọ̀n ṣe. "Ẹ wo ilẹ̀ tí á máa dán," ni wọ́n ń wí.

Màmá wà lórí àga wọn ní kọ́rídọ̀. "Wọ̀ ọ́ wò ná."

"Táìlì, Màmá?"

"Àbí kí ni?"

Wọ́n ní kí n to táìlì mélòó kan sílẹ̀, kí n da omi ọṣẹ sí i. Wọ́n ní kí bàbá mi bọ́ bàtà, kí wọ́n gun orí ẹ̀ bíi ẹni tó ń wẹ̀ bọ̀. Bàbá mi ní kí ló wà nínú ìyẹn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ẹsẹ̀ yẹn lọ, èkejì tẹ̀ lé e, bàbá mi na apá méjèèjì bí ẹyẹ, wọ́n sì fi ìdí balẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Ọlọ́run ló ní kí àpò yẹn wà níbẹ̀.

"Ṣé ó bá ẹ mu?" ni Màmá bi wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi á bínú o." Bàbá mi ń gbọn sìmẹ́ǹtì kúrò nídìí. "Àwọn ló fi ránṣẹ́. A ò lè ní a ò lò ó."

"Ta ló ní a ò lò ó? Ara ògiri la máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń rìn lórí ògiri. Ti ilẹ̀, èyí tí ojú ẹ̀ ò jọ̀lọ̀ ni kí o lọ wá."

Ojú-Lòṣùwọ̀n àti púlọ́ńbà tú gbogbo nǹkan àtijọ́ kúrò. Kùkùté páìpù kan ló ṣì yọrí lára ògiri. Púlọ́ńbà ti gbé òòlù láti gbẹ́ ọ̀nà páìpù tuntun síbi tí tàtijọ́ gbà, ni Màmá bá yọ ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí.

"Ẹ fi òwú so ó ná, kẹ́ ẹ tó kàn án. Kí gbogbo ilé wá wẹ̀."

"Omi ò sí, Mà," ni púlọ́ńbà wí.

"Mi ò bèèrè omi. Ẹ wẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn yín. Kí kálukú dijú bíi pé ọṣẹ ti wọ̀ ọ́, kó máa ṣe bó ṣe ń ṣe. Odídẹrẹ́ á máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tọ́wọ́ ẹ̀ bá lọ." Èmi ni wọ́n ń pè ní Odídẹrẹ́.

Ojú-Lòṣùwọ̀n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Màmá, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ gbígbẹ rí."

"O ti rí i. Ìwọ ni kóo kọ́kọ́ wẹ̀."

Ó dijú, ó ń fọrí, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ìgúnpá ẹ̀ bá kùkùté páìpù pàdé, gbì. Ó pe ìyá ẹ̀. Màmá ní kí n fa àgbélébùú síbẹ̀, pé ẹ̀rọ omi ò gbọdọ̀ sí ńbẹ̀ mọ́. Bàbá mi wẹ̀ tiwọn, wọ́n ń kọrin, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn fún aṣọ ìnura, wọn ò bá nǹkan kan. Mo sàmì síbẹ̀. Ó kan mọ́mì mi. Wọ́n na ọwọ́ bíi ẹni tó fẹ́ ṣí ṣáwà, ni wọ́n bá gbọ̀n rìrì.

"Kí ló dé?" ni Màmá wí. "Mo ní kò sí omi."

"Ó ti mọ́ mi lára ni, Mà. Látìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, kí n tó rí ṣáwà ṣí, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró sábẹ́ ẹ̀. Omi tútù ló ń kí mi káàárọ̀ kí ọkọ mi tó kí mi."

Púlọ́ńbà họrí. "A lè gbé ibi ìṣí ẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èèyàn á ṣí i láti ìta, tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ kó wá wọlé."

"Kí ló dé tí o ò ti sọ ọ́?"

"Ẹ ò bi mí ni, Mà."

Ó wá ku Màmá fúnra wọn. Ilẹ̀ ṣì rí gbágungbàgun, ọ̀pá ò lè dúró níbẹ̀. Wọ́n ní kí n wẹ̀ dípò àwọn, kí n ṣe bí àwọn ṣe ń ṣe. Mo tẹ̀ síwájú, mo fa ètè gùn, mo jókòó sórí àpótí. "Ta ló gbé kànrìnkàn mi?" ni mo wí. "Gbogbo yín lẹ lójú, kò sẹ́ni tó ríran." Bàbá mi fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má jáde. Mo wẹ̀ tán, mo dìde.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé bí mo ṣe ń dìde nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọwọ́ òsì lẹ kọ́kọ́ máa ń nà. Ẹ máa ń wá nǹkan dì mú."

"Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ọwọ́ mi kan ògiri lásán, ibi tí ohunkóhun ò sí. Màmá dìde fúnra wọn, wọ́n rọra tẹ̀lé ògiri wọlé, bàbá mi dì wọ́n mú lẹ́yìn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fa ṣọ́ọ̀kì síbẹ̀. "Irin ìdìmú, ibí ló ń gbé."

Ojú-Lòṣùwọ̀n kan ibẹ̀ wò. Ó dún bí ikùn tó ṣófo. "Màmá, ibí yìí ò ní gbà á. Ọjọ́ tí ẹ bá fà á, ẹ̀yin àti irin lẹ jọ ń bọ̀ nílẹ̀."

"Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ, kí n fi kọnkéré dí i, kó gbẹ dáadáa, ká tó de irin mọ́ ọn. Ẹ mú sùúrù."

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. Ẹni tí kì í dúró ló ń ní kí wọ́n dúró. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo lójú níbẹ̀ yẹn."

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ń lọ. Púlọ́ńbà ṣí omi sínú páìpù kó tó bò ó, oríkèé kan sì ń jò tó, tó. Ká ní ó ti bò ó ni, inú yàrá ìránṣọ tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ni ì bá máa jò sí, sórí aṣọ oníbàárà. Ó dè é tán, wọ́n kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kómi wọ ògiri. Káfíńtà wá yí ilẹ̀kùn padà kó máa ṣí síta. Màmá fẹ́ dí fèrèsé pa nítorí ojú aládùúgbò, mọ́mì mi ní ooru omi á máa sọ ògiri di dúdú, ni wọ́n bá gbé e ga sókè.

Ibi tó ti fẹ́ dìjà ni ilẹ̀. Ojú-Lòṣùwọ̀n ti rẹ́ ẹ, ó ti gbẹ, ó tiẹ̀ ti po ohun tó fẹ́ fi lẹ táìlì. Dádì Àgbà sì ti pè pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

"Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan," ni Màmá wí.

"Màmá, mo ti fojú wọ̀n ọ́n. Ó dagẹ̀rẹ̀ sí ihò."

"Ojú ẹ dáa. Omi ni mo fẹ́ bi."

Mo dà á. Omi náà dúró díẹ̀ bíi ẹni tó ń ronú, ó wá kẹ̀yìn sí ihò, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ fara kan àga Màmá ní kọ́rídọ̀.

"Ká sáà lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi wí nígbà tó yá. "Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀. A ó máa gbá omi sí ihò."

"Ta ni á máa gbá a? Èmi tí mo ń fọ̀pá rìn?" Màmá ò gbé ohùn sókè. "Bálùwẹ̀ tó gbé mi ṣubú, omi tí ò lọ ló ṣe é. Tí omi yìí ò bá lọ, ẹ bá mi di ẹrù mi."

Ojú-Lòṣùwọ̀n ń wo ilẹ̀. Ojú ti fẹ́ máa tì í. Ni mo bá di ojú kan, mo na àtàǹpàkò sí odò tó wà ní kọ́rídọ̀. "Ó ti gún," ni mo wí, ohùn ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé òòlù fún mi jàre," ló wí. "Kí ọmọ yìí tó fi mí kọrin."

Ó fọ́ ilẹ̀ yẹn. Ó yá irin ìwọ̀n lọ́wọ́ púlọ́ńbà, ó ta okùn láti igun dé igun, ó sì tún un rẹ́. Nígbà tá a tún da omi, omi lọ sínú ihò tààrà bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ pè. Ojú-Lòṣùwọ̀n ní kí n tún pọn òmíràn wá, òun fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí Sátidé tó pé, ó ti to táìlì tí ojú ẹ̀ ò jọ̀lọ̀ sílẹ̀, ó ti lẹ èyí tó ń dán mọ́ ògiri, ó sì ti de irin ìdìmú mọ́ ibi tí Màmá sàmì sí.

Dádì Àgbà dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àpótí aṣọ tuntun, tí wọ́n rà sílẹ̀ fún ẹrù Màmá. Màmá rí àpótí náà. Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n wọlé, a gbọ́ kọ́kọ́rọ́: kọ́.

Gbogbo wa tò sí kọ́rídọ̀. Ojú-Lòṣùwọ̀n náà wá, ó ní òun gbàgbé òòlù òun. Òòlù ọ̀hún wà lọ́wọ́ ẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀. Omi dáwọ́ dúró. Nǹkan kan wá já lulẹ̀, gbàà.

Dádì Àgbà fi èjìká lu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta ò dá wọn lóhùn.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá bèèrè.

"Èmi ni, Màmá. Ṣé ẹ ò ṣubú?"

"Abọ́ ọṣẹ ló ṣubú. Ṣé abọ́ ọṣẹ lo fẹ́ gbé lọ sí àjà kẹta ni?"

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú abọ́ ọṣẹ. Wọ́n bú u tán, wọ́n kàn mí, pé èmi ni mo gbé e sétí ibi tó ti lè já bọ́. Wọ́n ti orí mi bọ́ sórí oníbàárà kan tí kò wá gba aṣọ. Mọ́mì mi di apá bàbá mi mú, omi lé ròrò sójú wọn.

"Ẹ gbọ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú bálùwẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ dún. Màmá jáde, páúdà funfun nènè lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì ti wà lẹ́yìn etí.

"Ó bá mi mu," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjá sídìí máṣíìnì wọn.

Dádì Àgbà ní àwọn náà fẹ́ ṣan ara nítorí ìrìn àjò. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n jáde, ohùn wọn ò jọ ti oníròyìn mọ́. "Ọṣẹ wọ̀ mí lójú, mo na ọwọ́, mo bá aṣọ ìnura níbẹ̀. Màmá, bálùwẹ̀ tèmi, inú ni ilẹ̀kùn ẹ̀ ń ṣí sí."

"Ilẹ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń dán."

Màmá já òwú lẹ́nu. "Gbé àpótí yẹn wá. Aṣọ díẹ̀ ni màá kó sí i. Odídẹrẹ́ ń bá mi lọ, a máa wá wọ̀ ọ́ wò. Tó bá ti bá ẹ mu, mo ń padà sílé mi."