Kókó fún Mùnírátù

Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá nílẹ̀ àjèjì, ni mo bí Mùnírátù sí, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ títí àìsàn fi pa á. Kó tó kú, àwọn dókítà ti gé ẹran bíńtín lára rẹ̀ láti fi wádìí àrùn náà. Abena, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tó ń tọ́jú ẹran náà nínú abọ́ dígí, sọ pé ó ṣì wà láàyè, pé ó ń mu omi pupa kan bí oúnjẹ, ó sì ń pọ̀ sí i.

Lánàá ó pè mí. “Maame, oúnjẹ rẹ̀ ti tán. Èyí tó ń bọ̀ láti òkè òkun kò tíì dé.”

Mo se kókó, ògì alátalẹ̀ tí ọmọ mi fẹ́ràn, mo wọ ọkọ̀ èrò tròtrò lọ bá Abena níbi iṣẹ́ rẹ̀.

“Ao, Maame! Kò lẹ́nu o. Kókó á pa á ni.”

“Àbí atalẹ̀ ni kò fẹ́? Mo lè se òmíràn.”

Abena kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Mo jókòó, mo gbé ike kókó lé itan. Ebi ń pa ohun tó kù lára ọmọ mi, èmi ìyá rẹ̀ sì gbé oúnjẹ gbígbóná dání.