Ìwọ̀n Ẹran Ara Ìyá Mi Àgbà

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń wọn ẹran ara kalẹ̀ síwájú ilé ìyá mi àgbà ní Ìlaró. Wọ́n ti ti bodè Ìdí-Ìrókò pa nígbà náà, ó ṣì wà ní títì bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, olùkọ́ mi sì ní kí n lọ wọn bí ẹran ara tó ń fúnni lágbára ṣe pọ̀ tó lára àwọn àgbàlagbà àdúgbò wa. Mo mọ ẹ̀rọ náà lò o. Ẹ̀rù àtiṣe àṣìṣe níwájú ẹni tó ń wẹ̀ mí nígbà tí mo wà ní ìkókó ló ń bà mí.

"Màmá," mo ní, "ẹ bọ́ bàtà, kí n wọn ẹran ara yín."

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Wọn ẹran? Kọ́sítọ̀ọ̀mù ò jẹ́ kí ìrẹsì wọlé, ẹran arúgbó lo wá fẹ́ máa tà?"

Aládùúgbò wa tó ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bi í, Màmá, èló ni kílò kan!"

Ojú tì mí. Mo sáré ṣàlàyé, mo sì tún bà á jẹ́: "Rárá o, Màmá. Iná díẹ̀ ló kàn máa gba ara yín kọjá."

"Iná kẹ̀?" Wọ́n ti dìde.

Mi ò kó ẹrù mi. Mo gun ẹ̀rọ náà fúnra mi, mo tẹ ẹsẹ̀ lásán mọ́ irin rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní iná bátìrì tí ara kì í mọ̀ ni. Omi pọ̀ nínú ẹran ara, iná sì máa ń tètè gba ibi tí omi wà, ṣùgbọ́n ọ̀rá máa ń dí i lọ́nà. Bó ṣe rọrùn fún un tó láti kọjá ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ẹran ṣe pọ̀ tó.

"Ọ̀rá ni kọ́sítọ̀ọ̀mù nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n bá gùn ún.

Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ni mo tó mọ̀: wọ́n ti fi àdín pa á dáadáa.

"Ṣé ẹsẹ̀ tó funfun ni kí n gbé wá fún ẹ̀rọ òyìnbó ni?"

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ. Nọ́ńbà tó jáde kéré gan-an fún ọjọ́ orí wọn. Ìyá tó máa ń gbé ẹrù ọjà bọ̀ láti Ìdí-Ìrókò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀! Láti ìgbà tí bodè ti tì, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ògiri ni wọ́n sì ń dì mú dìde.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ gbìyànjú." Mo yára pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n má baà rí nọ́ńbà.

"Ó dáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí bodè, èmi ni màá kọ́kọ́ kọjá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi pinnu. Láti ọjọ́ kejì, mo ń se ẹ̀wà àti ẹyin fún wọn láràárọ̀, àwa méjèèjì á sì máa dìde lórí àga, a ó máa jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìdi ohunkóhun mú. Faransé ọjà ni wọ́n fi ń kà á: "Ọ̀n, dọ́ọ̀, tìrúà!" Bó bá rẹ̀ mí, wọn a ní, "Gíráàdúéètì, dìde!"

Oṣù méjì ti kọjá. Ní àárọ̀ àná mo tún wọ̀n wọ́n, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífọ̀. Nọ́ńbà náà ò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan ògiri mọ́, wọ́n sì ti ń fọ abọ́ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù láti bodè.

Mi ò ní dáwọ́ dúró, ìyẹn dá mi lójú. Ohun tí kò dá mi lójú ni èyí tí màá sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú àgbà rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ nọ́ńbà yìí fún wọn kí bodè tó ṣí, àbí kí n jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn sọ tiẹ̀?